Àpótí Irinṣẹ́ Inú Ọkọ̀ Ojú Omi: Kí Ló Máa Gbé Yín Dé Èbúté?

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá bá òun wo ọkọ̀ fáíbà àlòkù tí òun rà ní apá Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ náà dáa. Ẹ́ńjìnì fọ́tì, ìyẹn èyí tó ní agbára ẹṣin ogójì, ló wà nídìí rẹ̀, ó sì dún dáadáa nígbà tó fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yá a lára jù láti fi hàn mí ni àpótí irin pupa kan tó tì sábẹ́ ìjókòó. Sípánà ló kún inú rẹ̀, láti nọ́ńbà 8 dé 32, gbogbo wọn ń kọ mọ̀nà. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mo ní, "Tí nǹkan bá lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yìí lójú ọ̀sà, èwo nínú wọn lo máa fi dí ihò náà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ńpù wà níbẹ̀ o."

Ẹ jẹ́ ká ti ibi pọ́ńpù yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ká ní ihò kan tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan péré, bíi ìdérí ìgò mínírà, wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sábẹ́ omi. Omi tó máa gba ibẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kan á tó nǹkan bíi lítà 40. Ìyẹn ń sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Pọ́ńpù kékeré tí wọ́n kọ gálọ́ọ̀nù 500 sí lára ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù 500 ní wákàtí kan ni wọ́n ń sọ. Tí ẹ bá pín in, ó lé díẹ̀ ní lítà 31 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tí kò ní omi gbé gòkè. Nínú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ gbé omi kọjá etí ọkọ̀ kó tó dà á sóde, kò lè tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù á máa ké, ọkọ̀ á máa kún. Tí ihò náà bá wá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, omi tó ń wọlé á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí ojú ihò ló ń pọ̀ sí i, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan.

Iṣẹ́ pọ́ńpù àti igbá tí a fi ń gbọ́n omi ni kí wọ́n kó omi tó ti wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá èyí tó ń bọ̀ wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọmọkùnrin náà pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú àpótí rẹ̀ kì í ṣe irin rárá. Igi ni.

Ẹ lọ bá káfíńtà kó gbẹ́ èdídí márùn-ún tàbí mẹ́fà fún yín, kí orí kan tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kárọ́ọ̀tì, kí ìdí rẹ̀ sanra, kí wọ́n má sì jọ ara wọn ní títóbi. Igi arère dára fún un gan-an. Ó rọ̀, ó máa ń gba bí ihò bá ṣe rí, tó bá sì mumi tán á wú, á wá fún mọ́ ibẹ̀. Káfíńtà míì á fẹ́ fi ìrókò ṣe é láti fi hàn yín pé òun kò ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ẹ má gbà. Ìrókò le jù fún iṣẹ́ yìí, kò ní tẹ̀ fún ihò tó ya jágajàga. Ẹ fi àkísà wé èdídí náà kí ẹ tó fi òòlù gbá a wọlé, kí ẹ sì rọra gbá a tó bá jẹ́ ọkọ̀ fáíbà ni, torí fáíbà tó ti sán tẹ́lẹ̀ lè ya lọ.

Ọ̀kan nínú èdídí yẹn, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò tí a fi ń da omi nù ní ìdí ọkọ̀. Ihò yìí, wọ́n dìídì lu ú ni, kí omi òjò lè ṣàn jáde nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá gbọ́ "ọkọ̀ ń jò," kò sí nǹkan tó lu ú. Wọ́n gbàgbé láti dí i padà ni.

Ohun kejì tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni ibi tó yẹ kéèyàn ti dí ihò, ṣé láti inú ni àbí láti ìta. Inú ló yá, torí inú lẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: omi ìta ló ń ti nǹkan wọlé. Ohun tí ẹ bá fi dí ihò láti inú, omi á máa gbìyànjú láti tì í kúrò. Ohun tí ẹ bá tẹ́ sí i láti ìta, omi fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ fún yín, láìgba kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹ ní tapọ́lì kékeré kan tó fẹ̀ tó aṣọ orí tábìlì, kí ẹ so okùn mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ihò bá tóbi ju èdídí lọ, tàbí tí pákó bá ya gbọọrọ, ẹ gba iwájú ọkọ̀ ju tapọ́lì yẹn sábẹ́ rẹ̀, ẹ fa okùn rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì títí á fi bo ojú ibi tó ya, ẹ wá so ó le. Kò ní dá omi dúró pátápátá. Àmọ́ èyí tó ń dà wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ á di èyí tó ń sun, pọ́ńpù yín á sì bá a dọ́gba.

Kódà kí ẹ tó mú ohunkóhun nínú àpótí, tí ihò bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní kí àwọn èrò rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìjókòó, pẹ̀lú láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn wọn. Tí ihò bá gbé sókè díẹ̀, omi tó ń wọlé á dín kù. Tó bá yọ lójú omi, ó tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ọkọ̀ tó ń jò ṣì lè gbé èèyàn délé, ṣùgbọ́n èyí tó bá dojú dé kò lè gbé ẹnikẹ́ni.

Fún ọkọ̀ onípákó bíi ti àwọn apẹja Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn, omi kì í sábà wá láti inú ihò. Àárín pákó sí pákó ló máa ń gbà. Òwú, àkísà tó ti gbó, tàbí okùn tí a tú fọ́nrán rẹ̀ ni kí ẹ ní, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ kò mú tí ẹ ó fi máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú àlàfo náà. Tí pákó bá fọ́, ẹ gé túùbù táyà tó tóbi ju ibi tó fọ́ lọ, ẹ gbé páànù pẹlẹbẹ lé e, ẹ fi ìṣó kúkúrú kàn án yíká. Àwọn bàbá tó ń wa ọkọ̀ ní etíkun kì í gbàgbé túùbù táyà yìí, tí ẹ bá wo abẹ́ ìjókòó wọn ẹ ó rí i. Ẹ tún lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bẹ́líìtì, kí ẹ máa nà án bí ẹ ṣe ń wé e mọ́ ọ́ọ̀sì tó ya, á fún un pinpin.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Ọmọkùnrin náà ní agolo rẹ́sìnì fáíbà àti ìgò kékeré amú-nǹkan-le nínú àpótí rẹ̀, ó sì gbà pé ohun tí wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n á fi tún un ṣe. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ rẹ́sìnì yẹn fẹ́ ojú ibi tó gbẹ, tí a ti fi sáńpépà ha, tó sì ní àkókò láti le. Lára ohun tó tutù, ńṣe ló máa yọ̀ kúrò bí ẹ̀kọ. Ẹ fi sílé, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ni. Èyí tó wúlò lójú omi ni ọ̀dá ìpò méjì, èyí tí wọ́n ṣe bí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tí àwọ̀ méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ sí ara rẹ̀ pé ó lè le lábẹ́ omi. Ẹ gé èyí tó tó yín, ẹ wọ nàìlọ̀nù sọ́wọ́, ẹ máa pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ ó máa rí ìlà funfun àti dúdú nínú rẹ̀. Ẹ má dúró. Ìgbà tó bá di àwọ̀ kan ṣoṣo, tó sì ti ń gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń jò, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó máa ń bàjẹ́ o, ẹ wo ara páálí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á.

Ọṣẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ atukọ̀ ló ní ègé ọṣẹ nínú ọkọ̀, àwọn èrò á sì rò pé ìwẹ̀ ló fẹ́ fi wẹ̀. Tí táǹkì epo bá sán, ẹ fi ọṣẹ líle pa ojú ibi tó sán náà, á dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, torí bẹntiróò kì í yọ́ ọṣẹ. Omi ló ń yọ́ ọ. Nítorí náà, ọṣẹ wà fún epo, kò wà fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Èmi fúnra mi ti rí ẹni tó fi dí ibi tí omi ń gbà wọlé. Ìfófòó ló kún ẹsẹ̀ wa.

Tí ẹ bá ti bá omi parí, tàbí tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì nìkan ló kú, ẹ má tíì fọwọ́ kan sípánà. Ẹ ju ìdákọ̀ró sómi. Yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ńlá, ọ̀sà Èkó kò jìn púpọ̀, ibi tí kò ju mítà kan àbọ̀ lọ pọ̀ nínú rẹ̀, ìdákọ̀ró á sì tètè mú ilẹ̀ tí okùn rẹ̀ bá gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi. Tí ẹ kò bá jù ú, bí ẹ ṣe ń dojú kọ ẹ́ńjìnì ni omi á máa gbé yín lọ bá òpó Afárá Third Mainland, tàbí gẹdú tó léfòó, tàbí àárín igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ láti fi kó ẹja jọ. Kí àjẹ̀ méjì tún wà nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ olówó ńlá.

Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, ohun tó máa ń pa á kì í sábà jẹ́ ohun tó nílò àpótí irinṣẹ́. Ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún kan, a ń ti Ìkòròdú bọ̀, èmi ni mo wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ṣe bíi pé ó fẹ́ sáré, ó kú. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo nù ún, mo dá a padà. Mo tún fà á. Ìyá àgbà kan tó gbé ẹja gbígbẹ jókòó lẹ́yìn mi ló sọ pé, "Ọmọ mi, kẹ́ẹ̀gì yẹn ti rún o." Mo bojú wẹ̀yìn. Táǹkì epo oníke náà ti wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Mo ti gbàgbé láti tú ìdérí kékeré tó wà lórí ìdérí ńlá, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa epo, kò sí afẹ́fẹ́ tó rọ́pò rẹ̀, ìgbà tí kò wá rí nǹkan fà mọ́ ló kú. Mo tú u, ó mí "fììì", mo tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ́ọ̀sì títí ó fi le, ẹ́ńjìnì sì jí nígbà kejì tí mo fà á. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi dé, ó kàn ń wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ ìlànà kan sí inú ìdérí ohun tí mo ń kó irinṣẹ́ sí: ẹ wo kílíìpù okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì bóyá ó ti jábọ́, ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ táǹkì, ẹ tẹ bọ́ọ̀lù ọ́ọ̀sì, ẹ wo ibi tí ọ́ọ̀sì ti wọ ẹ́ńjìnì. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fura sí epo. Ẹ ní ìgò ike tó mọ́ gaara. Ẹ bu epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó simi. Bẹntiróò fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà tí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìlà kan, omi nísàlẹ̀, epo lókè. Kò sí sípánà tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ ní púlọ́ọ̀gì tuntun méjì tó bá ẹ́ńjìnì yín mu nínú nàìlọ̀nù tí omi kò lè wọ̀, àti sípánà púlọ́ọ̀gì. Fún ẹ́ńjìnì tó ń lo epo àpòpọ̀, ẹ ní ìgò ọ́ìlì kékeré lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Tí epo bá tán, tí ọlọ́kọ̀ míì ṣàánú yín, bẹntiróò lásán lè jẹ́ ohun tí ó ní, èyí tí kò ní ọ́ìlì nínú á sì jẹ ẹ́ńjìnì. Tí ìwé ẹ́ńjìnì yín bá ní 50 sí 1, ìdajì lítà ọ́ìlì ló ń lọ sínú lítà 25. Ẹ ní okùn tó tó mítà kan àbọ̀ tí ẹ ta kókó sí ẹnu rẹ̀, fún ọjọ́ tí okùn ìfà bá já tàbí tí bátìrì bá kú: ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, kókó á wọ ojú àyè tó wà létí àgbá tó ń yí lókè, ẹ wé okùn yí i ká, ẹ fà. Kí ẹ rí i dájú pé jíà wà ní òfìfo ṣáájú, nítorí báyìí, ohun tó ń dá ẹ́ńjìnì dúró láti má jí nínú jíà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí agbádá tàbí ìborùn má sì wà nítòsí.

Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ àmọ́ omi kò tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ pa á kíákíá. Omi yẹn ló ń tù ú lára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló lẹ̀ mọ́ ibi tó ń fa omi, ẹ gbé e sókè kí ẹ yọ ọ́. Tàbí iyẹ̀pẹ̀ dí ihò tó ń tú u jáde, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á là á. Tó bá jẹ́ rọ́bà tó ń fa omi nínú ló gé, ìyẹn di iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ fa àjẹ̀ yọ.

Èyí tó kù ni abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì tó wà lábẹ́ omi, tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ewéko olódòdó àwọ̀ àlùkò tó máa ń bo ọ̀sà wa ló ń wé mọ́ ọn jù. Àwọn kan ń pè é ní òjúoró, ṣùgbọ́n òjúoró tó ń lékè omi nínú òwe ti wà tipẹ́, àlejò sì ni èyí, ní nǹkan bí 1984 ló gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé wá. Ọ̀bẹ tó mú ni oògùn rẹ̀, ọ̀bẹ eléyín-ayùn ló dára jù. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kílíìpù rẹ̀ sápò, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tó nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kékeré, píìnì kan tó rọ̀ ló so abẹ̀bẹ̀ mọ́ irin tó ń yí i. Wọ́n ṣe píìnì yẹn kó lè tètè já. Tí abẹ̀bẹ̀ bá kọ lu gẹdú, píìnì á já, jíà kò ní fọ́. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò lọ. Ẹ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀. Àwọn kan á gé ìṣó fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní ó le ju èyí tí wọ́n rà lọ. Ó le lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹ bá tún kọ lu igi, ìṣó kò ní já, jíà ló máa fọ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ìṣó. Ẹ́ńjìnì tó tóbi, bíi fọ́tì, rọ́bà ló wà nínú abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ píìnì. Tí ìyẹn bá yọ̀, ẹ rọra máa lọ ní ìwọ̀nba, á ṣì tì yín díẹ̀díẹ̀. Àwọn náà ní píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń di nọ́ọ̀tì mú, ẹ ní rẹ̀ àti nọ́ọ̀tì kan lápò, kí ẹ sì ta aṣọ sábẹ́ ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń tú u. Nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ sínú ọ̀sà ti di ti ọ̀sà.

Ìdí nìyẹn tí sípánà mi kò fi pọ̀. Mo wo ẹ́ńjìnì mi nílé, mo wo nọ́ńbà tí ó ń lò, mo kó mẹ́rin péré, púláyà kan, sùkúrù-díráífà kan tó ń yí orí padà, òòlù kékeré, ayùn agé-irin tí kò ní ọwọ́, kílíìpù ọ́ọ̀sì díẹ̀, wáyà, fíúsì àti tọ́ọ̀ṣì tí a ń fi bọ orí. Olúkúlùkù ní okùn kékeré lọ́rùn tí mo lè fi kọ́ ọwọ́. Mo fi ọ́ìlì nù wọ́n torí iyọ̀. N kò sì kó wọn sínú àpótí irin. Báákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 tó ní ìdérí ni mo ń lò. Kò ní dípẹtà, ó máa ń léfòó, èèyàn lè jókòó lé e, tí nǹkan bá sì le, ẹ da irinṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ fi gbọ́n omi. Fóònù nínú nàìlọ̀nù rẹ̀ àti fèrè wà lọ́rùn mi, wọn kò sí nínú báákẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí à ń pè ní Èkó tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni 767 tàbí 112, ẹ sì tètè pè é nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, kí ẹ tó máa gbìyànjú.

Àbúrò wa gbọ́ gbogbo èyí tán, ó ní òun á ra báákẹ́ẹ̀tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: èdídí arère mẹ́fà, ó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá lórí ìjókòó ọkọ̀. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé káfíńtà bi òun ṣé ẹsẹ̀ àga ọmọdé ni. Mo ní kó so ọ̀kan mọ́ ìdí ọkọ̀, kó sì yọ púlọ́ọ̀gì kó tún dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ní èbúté, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí. Ó ní ó gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú, àti pé sípánà kan ti wà nísàlẹ̀ omi.